Laptop Tí A Fi Òróró Yàn

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ìwàásù o, ìjẹ́wọ́ ni.

Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ wa bá ti ń gba admission sí òkè òkun, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wa: "Dádì, ṣé kí n ra laptop nílé ni, àbí kí n dé ọ̀hún ná?" Àwọn kan ti kíyè sí i pé ìdáhùn wa ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. A ò tíì sọ ìdí rẹ̀ rí, torí ó tì wá lójú.

Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, ọmọ wa kan nínú ẹgbẹ́ akọrin rí àyè lọ kàwé sí i ní UK. Kì í ṣe ọmọ olówó. Oúnjẹ ni ìyá rẹ̀ ń tà lẹ́bàá títì. Ìjọ wá dáwó jọ fún un fún oṣù méjì. Ẹ rántí bí náírà ṣe ń ṣe nígbà yẹn: dọ́là tó wà ní bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀ ti kọjá ₦1,400 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Owó tí a bá kà lórí tábìlì lónìí, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti rù.

Ọmọ náà wá dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dádì, tí kò bá ní bí yín nínú, ẹ jẹ́ kí n mú owó yẹn dání. Mo ní fóònù, kọ̀ǹpútà sì wà ní library wọn. Tí mo bá débẹ̀, màá mọ èyí tí màá rà."

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. A ò gbọ́. A ní owó lè di owó ilé, ó lè di owó oúnjẹ, ìjọ ò wá ní rí nǹkan kan tọ́ka sí. Ká kúkú sọ òótọ́: a fẹ́ ohun tí a máa gbé dání níwájú pẹpẹ tí wọ́n á yà ní fọ́tò. Envelope kì í hàn dáadáa nínú fọ́tò.

Ó tún bẹ̀ wá pé tó bá jẹ́ laptop náà ni, kí òun àti ọ̀rẹ́ òun kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí wọ́n fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó. A ní rárá, a mọ ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀ nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀, ẹni wa ni, á dín in fún wa. Ọ̀gbẹ́ni yìí gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí ọmọ wọ bàálù. Ó mọ́ roro. Ó tan. Ìyẹn ti tó wa. Lọ́jọ́ kejì, a gbé e síwájú pẹpẹ, a fi òróró kàn án lẹ́yìn, a gbàdúrà, ìjọ ṣe àmín tó mi ilé. Tòkunbọ̀ la pè é o, ẹ gbọ́ ná. Ohun tó ti òkun bọ̀ la tún dì padà sí òkè òkun, tí a ń dúpẹ́ lé lórí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ọmọ débẹ̀, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun. Bó ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, orúkọ ilé iṣẹ́ kan yọ gàdàgbà lójú rẹ̀, ó ní kí òṣìṣẹ́ àwọn tẹ password. Kò lè kọjá ibẹ̀. A ti wá mọ̀ báyìí pé àwọn ilé iṣẹ́ máa ń forúkọ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀, débi pé ẹ pa inú rẹ̀ rẹ́ o, ẹ ò pa á rẹ́ o, tó bá ti kan íntánẹ́ẹ̀tì, á ní olówó òun ni òun ń wá. Ẹni tó tà á fún wa ti tò ó láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni kò fi bi wá ní nǹkan kan níbí.

Ẹ fi ara yín sípò ọmọ yẹn. Àlejò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó sáàárín èrò nínú library, laptop iwájú rẹ̀ ń kéde pé ẹlòmíràn ló ni òun. Ó rò pé wọ́n lè pe òun lólè. Ó pa á dé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ń kọ assignment lórí fóònù, tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà library títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Tí a bá pè é tí a ní, "Laptop ńkọ́?", á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Dádì. Ẹ ṣé." Àwa á tún gbé e dé orí pẹpẹ, a ó fi jẹ́rìí! Kò fẹ́ kí ojú tì wá. Ìyá rẹ̀ ló tú u sí Mummy létí nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin.

Mummy délé, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù lẹ gbé wọ̀ ọ́." Ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì mọ ibi tó ń lọ, Sámúẹ́lì Kìíní orí 17. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń wàásù níbẹ̀, Dáfídì la sì máa ń pe ara wa. Kò wá sí wa lọ́kàn rí pé àwa lè jẹ́ Sọ́ọ̀lù. Sọ́ọ̀lù tiẹ̀ jẹ́ kí ọmọ bọ́ ọ, nígbà tó ní òun ò tíì dán an wò.

A pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a tọrọ àforíjì. Ó ń sọ pé, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Dádì, bàbá lẹ jẹ́." A ní jẹ́ ká sọ ọ́. A ní kó gbé e lọ fún àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé rẹ̀, àwọn yẹn ní kó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ̀rọ náà wà lára àwọn ògbólógbòó tí wọ́n tà dànù, wọ́n gbàgbé láti yọ orúkọ wọn kúrò ni. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kì í ṣe ẹrù olè. Àmọ́ bátìrì rẹ̀ ti wú nígbà yẹn, ó ti ti kíbọ́ọ̀dù sókè.

Ó ti ra òmíràn, èyí tí ṣọ́ọ̀bù tún ṣe, £220, pẹ̀lú ìwé pé tó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, àwọn á tún un ṣe. Lásìkò yẹn, owó iṣẹ́ tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 23 jẹ́ £10.42 ní wákàtí kan, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣe nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ohun tí gbogbo ìjọ fi oṣù méjì dá, ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àpò tiwa la fi dá owó náà padà fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta la pín in sí, torí owó pọ́n-ùn.

A ò ní kẹ́nikẹ́ni má ra laptop nílé o. Èyí tí o ti ń lò tí o mọ ìwà rẹ̀, máa gbé e lọ. Tó o bá máa rà á nílé, rà á ní oṣù méjì ṣáájú, kí wọ́n pa inú rẹ̀ rẹ́ níṣojú rẹ, kí wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ojú iná UK àti tiwa bára mu. Ti Kánádà àti Amẹ́ríkà ò bá a mu, ṣùgbọ́n tí ṣájà bá ti ní 100-240V lára, orí rẹ̀ nìkan lo máa wá. Báàgì ọwọ́ ni kó wà nínú bàálù, má jù ú sínú ẹrù. Tí kò bá sí ìkánjú, dé ọ̀hún ná. Ní UK, òfin wọn ti ọdún 2015 fún ọ ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó ní àbùkù padà fún ṣọ́ọ̀bù kí o sì gba owó rẹ. Ẹni tiwa oníbọ́ọ̀tù, nọ́ńbà rẹ̀ ò wọlé mọ́ títí di òní.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, arábìnrin kan tó ń lọ sí Kánádà wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. Kí a tó la ẹnu, Mummy ti fi envelope lé e lọ́wọ́. A gbàdúrà lé e lórí. A ò ya fọ́tò.