Àtẹ Ìyá Ìyá Mi ní Ìtòkú

Ẹni tó bá gba Ìtòkú kọjá ní Abẹ́òkúta lónìí yóò rí àdìrẹ tí wọ́n tò láti ilẹ̀ dé òrùlé, tí ẹ̀rọ orin sì ń pariwo lé e lórí. N kò bá wọn jà, olówò ló mọ owó tó ń wọlé. Àmọ́ tí wọ́n bá bi mí, n ó ní ojú èrò kì í ríbi bà lé nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ìyá mi kì í kó gbogbo aṣọ síta. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju òpó mẹ́rin, páànù lórí àti pẹpẹ pákó kan níwájú. Ẹyọ ìró kan ṣoṣo ni yóò ta sórí okùn, abala méjèèjì tí wọ́n rán pọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè lè rí bó ṣe máa wà lára. Ìbàdàndùn ló sábà máa ń ta síbẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin Ìbàdàn fọwọ́ ya, tí ó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó lára. Ọgbọ́n ọjà ni, nítorí èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti Abẹ́òkúta wa, tí àwọn ọkùnrin fi páànù tí wọ́n gé lọ́nà tẹ ẹ̀kọ sí. Ìbàdàndùn á dá èrò dúró. Ti ilé la ó tà fún un.

Ìyókù á wà ní kíká lórí pẹpẹ, ibi tí ọnà wọn ti hàn á kọjú sí títì. Èyí tó dúdú jù lọ, orí aṣọ tẹ́ẹ́rú funfun ló ń gbé e lé kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ. Tí oòrùn bá ti yí, okùn náà á yí, nítorí oòrùn a máa jẹ aró. Kò sì sí aṣọ tí wọn kò ní fi òòlù onígi lù kó tó dé ọjà. Lílù yẹn ló ń mú un dán gbinrin.

Àkísà funfun kan àti abọ́ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì á ki àkísà bọmi, á fi ra aṣọ náà fúnra rẹ̀. Màmá kì í purọ́ fún wọn: "Èyí á tú aró lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti parí."

Kì í fa èèyàn láṣọ. "Ẹ kú ìrìn o, ẹ wá fọwọ́ kàn án, a kì í gbowó ìyẹn," ni tirẹ̀. Àpótí ìjókòó kan sì wà níta, ti oníbàárà. Tí ẹnì kan bá ti jókòó síbẹ̀, ẹlòmíràn á fẹ́ mọ ohun tó ń rà. Lọ́jọ́ tí ọjà bá dá, èmi ni yóò gbé jókòó síbẹ̀, pé kí n máa yẹ aṣọ wò bí olówó!

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1973, náírà dé, orí gbogbo ọjà dàrú. Láyé pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú ṣílè kan. Wọ́n wá ní ṣílè kan ti di kọ́bọ̀ 10. Àwọn àgbà ní ìrẹ́jẹ ni. Nítorí pé mo ń lọ sílé ìwé, màmá ní kí n kọ iye owó méjèèjì sórí páálí, kí n gbé e kọ́: ṣílè 30, náírà 3; pọ́n-ùn 1, náírà 2. Ká tó wí ká tó fọ̀, èrò ti pé lé wa lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wá ra aṣọ, ìṣirò ni wọ́n wá kọ́. Aláta wá, oníṣu wá, ọkùnrin kan tún wá bi mí ní iye tí ewúrẹ́ rẹ̀ máa jẹ́. Màmá jẹ́ kí n dá gbogbo wọn lóhùn. Bí mo ṣe ń ṣírò, ọwọ́ wọn ti wà lára aṣọ, wọ́n sì ń rà á.

Nígbà tí owó tuntun náà mọ́ wọn lára, màmá fúnra rẹ̀ ló já páálí yẹn dànù. Ó ní ẹni tó bá ti rí iye owó lókèèrè, kò ní dúró nájà mọ́, ìgbà tí wọ́n bá sì ń nájà lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí aṣọ kejì.