Ohun Tí Ọ̀nà Jẹ́jẹ́ Fi Pa Mọ́

Láàárín àwọn òkè Soclogbo, ọkọ̀ mi kò ní àléébù kankan. A kì í sáré níbẹ̀. Ta ni ìbá fura? Ìgbà tí mo bọ́ sí ọ̀nà ọ̀dà tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, tí mo dé kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ni volant bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́wọ́ mi, tí ọkọ̀ kò sì gbọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyá mi, tó jókòó lẹ́yìn, ké pe orúkọ mi.

Mo kọ́kọ́ ra táyà tuntun méjì, nítorí pé ẹnì kan ní táyà ni. Owó ṣòfò.

Àgbà mekaníṣíàn kan ní Ìdàáṣà gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín: kò mira. Ó di í mú lọ́tùn-ún àti lósì: ó ń dún kọ́kọ́. Ó ní kí n máa yí volant díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan oríkèé tó so ọ̀pá volant mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀.

“Ọmọ mi, rotule ti jẹ. Bó bá jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ló ti mì ni, roulement ni mi ò bá kọ́kọ́ wò.”

Ní 90, mítà 25 ni ọkọ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlàfo kékeré yẹn tó láti gbé ni sínú igbó. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí n lọ ṣe parallélisme kí táyà tuntun náà má baà jẹ.

Volant dúró wàyí. Síbẹ̀, bí a bá ti dé ọ̀dà, ìyá mi a di àga iwájú mú gírígírí.