Ohun Tí Ń Yún Ni Lára

Gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá àrùn awọ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dermatitis mu. Ara ènìyàn méjì lè pọ́n, kí ó wú, kí ó máa yún wọn, síbẹ̀ kí ohun tí ó fà á má ṣe jẹ́ ọ̀kan náà.

Mo rí èyí ní Bouaké, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ní àdúgbò Gonfreville, tí ń jẹ́ orúkọ Robert Gonfreville, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ sílẹ̀ ní ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1921. Àbúrò ìyá mi, ọmọ Èjìgbò, ń rẹ aṣọ láró nínú àgbàlá rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bó tí ó sì sán, àwọn oníbàárà sá fún un. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Dókítà fi òwú kan ọwọ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n lára. Ojú ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá mú kì í sábà mọ fífọwọ́kàn. Èyí mọ̀ ọ́n, ó sì ń yún un. Dókítà wá bi í léèrè ohun tí ó ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, àti bóyá ara ń rọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkínní jẹ mọ́ ìran, ó sábà máa ń bá ọmọdé jà, pàápàá ní ìdílé tí ikọ́ fée wà. Èkejì ni ti sódà, ọṣẹ líle àti omi àfọwọ́bọ̀-ìgbà-gbogbo, tí ń gba ọ̀rá awọ. Ẹ̀kẹta ni ti ohun tí ara sọ di èèwọ̀: aró, sìmẹ́ńtì, yẹtí. Láti mọ̀ ọ́n, a óò lẹ díẹ̀ nínú ohun tí a fura sí mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn fún ọjọ́ méjì, kí a tó yẹ ibẹ̀ wò. Josef Jadassohn, ọmọ Jámánì, ni ó fi ọ̀nà yìí hàn ní 1895.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a yàgò fún ohun tí ó fà á, kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a máa fi ìpara ọlọ́ràá pa awọ, kí a sì lo oògùn dókítà fún iye ọjọ́ tí ó bá dá. Ìpara abóra kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ìjọba Côte d'Ivoire fi òfin de irú wọn ní 2015. Ọwọ́ ìyá náà jinná, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oníbàárà rẹ̀ ni ó padà.

Ẹ̀yin olùkọ́, kúrúnà àti làpálàpá a máa ràn. Àrùn yìí kì í ràn. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ń họ ara ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó yà á sọ́tọ̀ lórí bẹ́ńṣì òun nìkan.