Àga Àwọn Àgùdà

Pópó Àgùdà l'Ékòó ni mo ti máa ń wá àga àti tábìlì àtijọ́ tó ń fẹ́ àtúnṣe. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, ló padà wá tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n sì mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: bíríkìlà wà nínú wọn, télọ̀ wà, káfíńtà wà. Àwọn ilé wọn ló ń wó báyìí. Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wó, ẹrù inú rẹ̀ a di igi ìdáná.

Lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni mo ti ra àga tí mo fẹ́ràn jù.

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ṣe? Àga bàbá mi nìyẹn, ó ti bàjẹ́ tán."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Màá tún un ṣe."

Ọ̀gánwó ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń mì, pankẹ́rẹ́ ìjókòó rẹ̀ ti já, ihò kòkòrò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ihò nìkan kì í bà mí lẹ́rù. Ìyẹ̀ ni mo máa ń wò: bí ìyẹ̀ tuntun bá tún ń dà lẹ́yìn tí a ti gbọn igi náà nù, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí ìyẹ̀ lára tèmi.

Káfíńtà tí mo gbé e lọ bá ti mú òòlù. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kàn án níṣòó, kíá ni." Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ìṣó a máa la igi, a sì dógùn-ún sínú rẹ̀. Ní ti àga yìí, ńṣe ni wọ́n gbẹ́ orí igi kan wọ inú ihò èkejì, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran lẹ̀ ẹ́. Omi gbígbóná àti sùúrù ló ń tú u. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ẹni tó kan àga náà ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tún un ṣe, ẹni tí kò ní bá pàdé láyé. Àga oníyẹ̀fun igi tí a ń rà lóde òní kò láyè bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó wú, ó parí.

A tú u, a fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, a tún un lẹ̀. Ahunpankẹ́rẹ́ kan hun ìjókòó tuntun sí i. Ibi tí ọwọ́ bàbá yẹn ti sọ apá àga di dídán, n kò jẹ́ kí sáńpépà kàn án.

Mo tún ti rí tábìlì kan nínú ilé kan ní òpópónà Bámgbóṣé. Wọ́n ti fẹ́ wó ilé náà, onítábìlì kò sì tíì dá mi lóhùn.