Láti Ọ̀yọ́ dé Ìṣẹ́yìn: Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kò Lè Sọ̀rọ̀

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni l'Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ìlú tí kálukú yóò ti lọ ṣe T.P. (ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́), Ìṣẹ́yìn ló kàn mí. Àwọn tó bọ́ sí Ìbàdàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé oko ni mò ń lọ. Ìlú tó ń hun aṣọ fún àwọn ọba ni wọ́n ń pè lóko!

Owódé ni mo ti wọ máíkírà. Nígbà tí a kọjá Fáṣọlá, ìyá kan tó gbé agbọ̀n ẹja yíyan lé ẹsẹ̀ bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe. Mo ní mò ń lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má nà wọ́n jù o. Ọmọ tí àyà ń já kì í gbọ́ ohun tí ẹ ń wí." Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ju ojú ewé mélòó kan lọ nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa.

Kíláàsì kejì ni wọ́n fún mi. Àwọn ọmọ pọ̀, bẹ́ǹṣì kò tó. Màmá tó ni kíláàsì náà kìlọ̀ fún mi pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn ò ní lanu títí n ó fi lọ. Lóòótọ́, bí mo bá bi wọ́n ní nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́kẹ́ á pa. Ọmọbìnrin kan tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé a tilẹ̀ fi ìwé bojú. Ṣùgbọ́n bí aago ìsinmi bá ti lù, òun ni ọ̀gá níbi tẹ́ǹ-tẹ́ǹ, ohùn rẹ̀ á máa dún dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ta ló wá ní ọmọ yìí ò lẹ́nu?

Mo ní kí gbogbo wọn lọ béèrè oríkì wọn nílé. Ọmọ kan tí kò ní, ìyá àgbà rẹ̀ wá ọ̀kan fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀, oríkì ni mo fi pè wọ́n: Àjàní, Àbẹ̀kẹ́, Àkàndé, Àṣàkẹ́. Àwọn tó máa ń fi imú dáhùn nà ró ṣánṣán.

Lẹ́yìn náà, mo ra òwú aláràbarà lọ́jà, mo ní kí ẹni tí wọ́n ń hun òfì nílé rẹ̀ wá kọ́ mi. Ọmọ ẹ̀bá fèrèsé dìde. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń ká òwú, bí wọ́n ṣe ń ta á gbọọrọ nílẹ̀. Ó ní pupa yìí ni ti àlàárì, aláró yìí ni ti etù. Ó wá wò mí lójú: "Àǹtí, sányán ò sí nínú èyí tí ẹ rà o. Bàbá mi àgbà ní ara kòkòrò ni wọ́n ti ń rí òwú rẹ̀."

Ẹ̀rù ń ba Màmá pé Yorùbá tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rọra rán Màmá létí ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970. Ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, ó sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ wọ́n wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

"Fáfúnwá tó ṣe mínísítà?"

"Àwọn náà ni, mà."

Màmá mi orí, wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òwú náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Gírámà ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ìwé bojú mọ́. N kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ. Bí ó bá sọ ọ́ tán ni mo tó ń tún un sọ bó ṣe yẹ. Ìpanumọ́ yẹn le fún mi ju nóòtù ẹ̀kọ́ kíkọ lọ.

Ẹ̀yin tí T.P. kàn lọ́dún yìí, kí ẹ tó ṣí ìwé fún àwọn ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé wọn.