Ẹ Má Fi Edé Sínú Ìgò

Láti ìgbà tí mo ti sọ ní kíláàsì pé mò ń sin edé nílé, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi mí. Àkọ́kọ́ ni pé, "Ìgbà wo lo máa sè é?" Ìyẹn ò nílò ìdáhùn. Ìkejì ni pé, "Kí lo fi wọ́n sí?" Èyí ni mo fẹ́ dáhùn lórí ògiri yìí, torí pé ohun tí a bá fi edé sí ló máa sọ bóyá wọ́n á yè tàbí wọ́n á kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan kó edé mẹ́ta sínú ìgò súwíìtì. Ó dé e pa kí omi má bàa dà nù nínú ọkọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn ti kú. Ó fún wọn lóúnjẹ o, ó tún gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó lè máa wò wọ́n. Ìgò yẹn ló pa wọ́n.

Edé tí mò ń sọ yìí kì í ṣe edé gbígbẹ ọjà, kì í sì í ṣe àwọn ńlá inú ọ̀sà. Àwọn kéékèèké inú odò ni, tí ara wọn mọ́ gaara débi pé ẹ máa rí ìfun wọn lẹ́yìn. Wọn ò gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ìyá àgbà mi tó ń gbé lábúlé kan nítòsí Ẹ̀pẹ́ ló ṣèlérí pé òun á kó méjìlá fún mi láti inú odò tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta ẹja àti edé, wọn ò rí ẹni tó gba edé lọ́wọ́ wọn láti lọ tọ́jú rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé odò wá ń wọnú abọ́ ni?"

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Òfin mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Mi ò gbọ́dọ̀ mú abọ́ ilé ìdáná kankan. Wọn ò ní fún mi lówó ra ti gíláàsì. Ẹ̀kẹta ló le jù: bí wọ́n bá rí ìdin ẹ̀fọn kan ṣoṣo nínú omi yẹn, wọ́n á dà á nù tedétedé. Àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú ibà nígbà yẹn ni, ọjọ́ mẹ́ta la sì lò ní ọsibítù. Mi ò lè bá wọn jiyàn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni èémí. Ọ́síjìn tó ti wọ inú omi ni edé ń mí, ojú omi níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé ni ọ́síjìn yẹn sì ń gbà wọlé. Àwọn tó lówó máa ń ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Iná ni ẹ̀rọ yẹn ń lò. Ní àdúgbò wa, iná lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí di ọjọ́ kejì. Mo wá pinnu pé ohun tí mo bá máa yàn, kí edé lè mí nínú rẹ̀ bí ẹni pé iná ò ní dé mọ́ láé. Ìyẹn ni pé ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìgò lítà 2 tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, bí omi bá kún un dé ẹnu, ojú omi rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 50 cm² lọ. Ìyẹn jẹ́ 25 cm² fún lítà kọ̀ọ̀kan. Abọ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó fẹ̀ ní 25, tí omi inú rẹ̀ jìn ní 20, lítà 20 ló gbà, ojú omi rẹ̀ sì jẹ́ 1,000 cm². Ìyẹn jẹ́ 50 cm² fún lítà kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po méjì ti ìgò. Ẹ wá dé ìgò pa, kò sí ohun tó ń wọlé mọ́ rárá.

Èkejì ni pé omi kékeré máa ń yára yí padà. Oòrùn ọ̀sán á mú un gbóná kíá, omi gbígbóná kì í sì í gba ọ́síjìn tó omi tútù. Ìgbẹ́ edé àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, májèlé sì ni. Nínú lítà 20, ó máa fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú lítà 2, ó ti di ọbẹ̀. Àwọn àgbà ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Òótọ́ ni, àmọ́ ìfẹ́ ò lè di ọ́síjìn fún edé.

Àwọn kan á ní àwọn ti rí edé pupa lórí fóònù nínú bọ́ọ̀lù gíláàsì tí wọ́n dé pa. Edé Hawaii nìyẹn, inú ihò àpáta létí òkun ló ti wá, ó sì lè fara da ohun tí edé odò wa ò lè fara dà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàkiri ilé. Mo wo àmù. Àmù máa ń mú omi tutù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ há. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a bá dà dùbúlẹ̀, tí a sì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò, dára gan-an bó bá jẹ́ omi nìkan la fi ń pọn. Tiwa ti gbé òróró rí, òróró sì máa ń tẹ́ sójú omi, á dínà afẹ́fẹ́. Èyí tó bá ti gbé kẹrosíìnì tàbí oògùn apakòkòrò, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án: edé àti kòkòrò bára tan, ohun tó ń pa èyí á pa ìyẹn. Abọ́ bàbà àti abọ́ idẹ náà ò dáa, torí májèlé ni bàbà jẹ́ fún edé.

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti wá rí kúlà àtijọ́ kan tí a máa ń kó mínírà sí nígbà òde. Ìdérí rẹ̀ ti fọ́, kò sẹ́ni tó ń wá a. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ara rẹ̀ nípọn. Bó ṣe ń gba yìnyín lọ́wọ́ ooru, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kí omi yára gbóná lọ́sàn-án. Etí rẹ̀ nà jáde, nẹ́ẹ̀tì sì ṣeé so mọ́ ọn. Mo gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya, mo fi rọ́bà túùbù ọ̀kadà dè é yíká gírígírí. Ẹ̀fọn ò lè wọlé yé ẹyin, edé náà ò lè fò jáde.

Omi lásán ni mo fi fọ̀ ọ́, mi ò lo ọṣẹ. Mo gbé e síbi tó máa wà kí n tó rọ omi kànga sí i, torí lítà 20 jẹ́ kílò 20. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi klórínì sí, kó fi sílẹ̀ ní gbangba fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Mo kó òkúta odò sí i àti ojú oró díẹ̀, kí edé lè fara pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀. Mo fọ gbòǹgbò yẹn dáadáa, torí ìdin ẹ̀fọn kan wà tó máa ń so mọ́ gbòǹgbò ojú oró láti mí. Mi ò sì jẹ́ kó bo ju ìdajì ojú omi lọ. Lẹ́yìn náà, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ń ju ègé ẹ̀fọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ kó máa jẹrà, kí àwọn bakitéríà tó ń jẹ amóníà lè pọ̀ tó kí edé kankan tó wọ̀ ọ́.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí tí edé ti wọlé. Mẹ́wàá ló kù nínú méjìlá, ọ̀kan sì ti kó ẹyin sábẹ́ ikùn. Gbogbo Sátidé ni màmá mi ń mú tọ́ọ̀ṣì wá wá ìdin ẹ̀fọn. Wọn ò tíì rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kan wọ́n tiẹ̀ bi mí pé, "Èyí tó lóyún ńkọ́?"

Kúlà ní àbùkù tirẹ̀. Mi ò lè wo edé láti ẹ̀gbẹ́ bíi ti gíláàsì. Òkè ni mo ti ń wò wọ́n, màá sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó rí ẹsẹ̀ wọn dáadáa. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ojú mi ni ìgò máa tẹ́ lọ́rùn, edé ló sì máa san owó rẹ̀.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ mú edé wálé, kó kọ́kọ́ wá ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kó rọ omi sí i, kó bò ó, kó sì dúró fún oṣù kan. Bó bá jẹ́ ìgò nìkan lẹ ní, ẹ fi edé sílẹ̀ sínú odò, kẹ́ ẹ lọ máa wò wọ́n níbẹ̀. Bí kúlà tó fọ́ bá sì wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ wá mi wá sí SS2, màá bá yín wọ̀n ọ́n.