Owó Físà Tí Wọn Ò San ní Kútọnu

Wàhálà ńlá! Ọmọ Ìbàdàn kan tó ń lọ sí Lomé dé Kútọnu, ni oníjìbìtì kan bá ní kó sanwó físà Tógò. Ó ti ń ka owó sẹ́fà lọ́wọ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Fọ̀n tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tó pariwo: “Àwé, má san kọ́bọ̀! Láti ọdún 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú rẹ ńkọ́?”

Háà! Kò ní in. Wọ́n gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní Zemidjan, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìyẹn ní ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì tó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 10 lọ́rùn àlejò, ẹ̀yin èèyàn wa! Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn tẹ́ ẹní fún un ni. Owó físà ọjọ́sí, gàrí ni wọ́n fi rà.